Kẹ̀kẹ́ Tí Ìyá Yìnyín Fẹ́ Fi Gun Òkè

"Ṣé àpótí méjì ló wà nínú ilé yìí ni?"

Ohun tí àǹtí mi sọ fún mi kẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n fi aṣọ tútù lé iwájú orí. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n ti kọ́kọ́ rán mi sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ̀kẹ́, pé kí n sọ fún un kó gbé kẹ̀kẹ́ pupa yẹn pamọ́ fún wa, àwọn ń bọ̀ wá sanwó lọ́la. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ní, "Gbé àpótí dání." Mo ní, "Àpótí wo?" Wọ́n sì dá mi lóhùn bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yẹn.

Mo gbé àpótí. N kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Téèyàn bá bi Àǹtí ní ìbéèrè kejì nígbà tí orí ń fọ́ wọn, bàtà ló máa ń dáhùn.

Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà. Ìyá Yìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, iṣẹ́ wọn ló fà á. Oògùn abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń gbé láti ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ níbí lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré tó wà lórí òkè. Mọ́tò kò lè dé ibẹ̀. Inú àpótí búlúù kan ni wọ́n ń kó o sí, àpótí tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ń há pinpin. Wọ́n á fi àwọn ike pẹlẹbẹ tí omi ti dì sínú wọn yí oògùn náà ká. Oògùn náà kò gbọdọ̀ gbóná. Kò sì gbọdọ̀ dì. Ẹ wo wàhálà.

Torí náà wọn kì í kó yìnyín láti inú fíríìsà sínú àpótí tààrà. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì kí wọ́n làágùn ná. Wọ́n á wá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Tí wọ́n bá ti gbọ́ omi tó ń ṣe pọ́ọ́pọ́ọ́ nínú rẹ̀, ó ti tó wọ inú àpótí nìyẹn. Tí wọn kò bá gbọ́, á padà sórí tábìlì. Wọ́n kọ́ èmi náà. Wọ́n ní, "Má mì í bí ẹni ń mi igi máńgòrò. Rọra. Gbọ́ ohun tó ń sọ."

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn tẹ́lẹ̀ kán lọ́rùn lójú òkúta. Ajórin jó o. Ó tún kán. Ajórin ní ìpẹtà ló kù níbẹ̀, irin ti tán. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni Àǹtí fi ń gun òkè. Lọ́jọ́ kan, oòrùn mú, yìnyín yọ́ tán lọ́nà. Wọ́n da gbogbo oògùn ọjọ́ náà nù. Àwọn ìyá tó ti gbé ọmọ wá tún gbé ọmọ wọn padà sílé. Àǹtí kò jẹun ọjọ́ yẹn. Nígbà tó di àárọ̀, wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ tó ń gun òkè la máa rà."

Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́. Irọ́ ni.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́. Wọ́n fi ìkọ́ so kẹ̀kẹ́ rọ̀ láti òkè bí ẹran. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ó ní, "Ẹ wò ó, mà, jíà mọ́kànlélógún ló ní."

Àǹtí ní, "Ẹsẹ̀ méjì ni mo ní. Kí ni mo fẹ́ fi jíà mọ́kànlélógún ṣe?"

"Tí òkè bá le, mà, ẹ ó yí i sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ yín á fúyẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ á wá máa sáré?"

"Rárá, mà. Á máa lọ díẹ̀díẹ̀."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Èyí tí mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ́fẹ̀ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí. Mo yíjú sí táyà.

Ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ló wá kàn. Kẹ̀kẹ́ kan ní sípíríǹgì níwájú nìkan. Ọ̀kan ní i níwájú, ó ní i lẹ́yìn. Ọ̀kan kò ní rárá. Ọkùnrin ṣọ́ọ̀bù ní èyí tó ní méjì ló dára jù, òkúta kò ní lè gbo èèyàn jìgìjìgì lórí rẹ̀. A sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Sípáná. Sípáná ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó sì ń ta àlòkù. Ó ní irọ́ gbuu ni. Ó ní sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú kò yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì tó ti jábọ́ láàárín. "Ẹ̀yin á máa tẹ pẹ́dà, òun á máa jó." Bíréèkì náà di ìjà. Ọ̀kan ní ká mú èyí tó ní irin roboto bí àwo. Ìkejì ní ká mú onírọ́bà, torí rọ́bà wà níbi gbogbo. Táyà ńlá, táyà kékeré. Irin tó wúwo, irin tó fúyẹ́.

Tí a bá wà lọ́dọ̀ ẹni yìí, Àǹtí á gbà pẹ̀lú rẹ̀. Tí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, wọ́n á tún gbà. Lọ́nà ilé wọ́n á bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Èwo lo rí?"

Màá ní, "Èyí tẹ́ ẹ bá rí náà ni mo rí, Àǹtí."

"O ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Wọ́n mọ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe èyí téèyàn lè fi ṣe àṣìṣe. Ìyẹn náà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ tí a sì ń bọ̀. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní àwọn ti mú pupa, oní-sípíríǹgì méjì. N kò mọ ìdí. Bóyá àwọ̀ rẹ̀ ni. Bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n ni.

Bí mo ṣe gbé àpótí òfìfo gba àárín àdúgbò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkóríta pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Yìnyín!" Mo juwọ́ sí i. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́, ọkùnrin náà wo àpótí.

Ó ní, "Kí lo gbé eléyìí wá ṣe?"

Mo ní, "N kò mọ̀."

"Ta ló ní kó o gbé e wá?"

"Àǹtí mi."

A jọ ń wo àpótí náà. Òun ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Ó ní ká gbé e lé kẹ̀kẹ́ pupa wò. Kò sí ibi tí a fẹ́ gbé e lé. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní kẹ́ríà lẹ́yìn. Mo ní kó bá wa dè é mọ́ ọn. Ó wá ihò bóòtù, kò rí. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ń lọ sókè sódò lórí sípíríǹgì rẹ̀, kò sí kẹ́ríà tó lè dúró níbẹ̀. Ó fi okùn so àpótí mọ́ ìdí ìjókòó. Ó ní kí n gùn ún. Bí mo ṣe jókòó, sípíríǹgì wọlé, ìdí àpótí fi ara kan táyà, ó ń ṣe ṣà-ṣà-ṣà.

Gbogbo ìgbà tí a fi ń béèrè jíà, tí a ń béèrè bíréèkì, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí àpótí máa jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbé àpótí.

Mo tú okùn. Mo sáré lọ sílé kí n lọ sọ fún wọn.

Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Ilé wa kì í gba àlejò lọ́sàn-án. Ìyàwó aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ló jáde sí mi.

Ó ní, "Jókòó."

Mo ní, "Àpótí kò wọ̀ ọ́."

"Jókòó, àbúrò mi."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ fún Àǹtí. Kò dúró lórí rẹ̀ rárá."

Ó di apá mi mú. Ìgbà náà ni mo rí ojú rẹ̀.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ní nǹkan kan já nínú orí wọn. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. N kò gbọ́ ọ yé. Àpótí ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n ń gbé Àǹtí jáde. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Àǹtí ọkùnrin pè mí jókòó. Alága ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ gbá tábìlì. Wọ́n kó owó kẹ̀kẹ́ tí Àǹtí fi sílẹ̀ jáde, wọ́n gbá tábìlì. Wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ kí ni? Ẹni tó fẹ́ gùn ún ti lọ. Fi owó náà kọ́ṣẹ́."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ.

Nọ́ọ̀sì àgbà láti ilé ìwòsàn wọlé wá kí wa kí Alága tó dìde. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n ní tí kò bá sí ẹni tó máa gbé e gun òkè, a jẹ́ pé àwọn máa ní kí àwọn ìyá máa sọ̀kalẹ̀ wá fúnra wọn. Wọ́n ní, "Àwa náà sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní wá."



Wọ́n wá kọjú sí mi. "Àǹtí rẹ ní o mọ yìnyín mì."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní etí rẹ mú ju tiwọn lọ."

Àǹtí kò sọ ọ́ fún èmi rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè mí. Alága tún gbá tábìlì, ṣùgbọ́n wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wò mí, wọ́n dìde, wọ́n fi owó náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di ọrùn mi. Kí n ra kẹ̀kẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí ó sì jẹ́ èyí tó tọ́. N kò sì mọ èyí tó tọ́. Mo fẹ́ bi Àǹtí. Mo tilẹ̀ yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Mo pọn omi sínú ike, mo kó wọn sínú àpótí kó lè wúwo bó ṣe máa ń wúwo, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Sípáná. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Sípáná gbé àlòkù kan jáde, kẹ̀kẹ́ kékeré tó dáa, tó ní ihò bóòtù lẹ́yìn. Àpótí jókòó lé e pẹ́ẹ́. Inú mi dùn.

Ó ní, "Gùn ún."

Mo gùn ún. Orúnkún mi ń kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ó ní, "Ó kéré."

Mo ní, "Ó bá Àǹtí mu."

Ó fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. "Àbúrò, ta ló fẹ́ gùn ún?"

Gbogbo ohun tí a ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá, ẹsẹ̀ Àǹtí la fi ń wọ̀n ọ́n. N kò mọ bí ẹsẹ̀ tèmi ṣe gùn tó.

Ó wọlé lọ gbé òmíràn wá. Èyí ga. Àwọ̀ eérú ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Kò ní sípíríǹgì kankan, ṣùgbọ́n ó ní jíà. Mo gùn ún, ẹsẹ̀ mi nà dé ìsàlẹ̀. Àpótí jókòó. Mo wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká, torí ibì kan wà lójú ọ̀nà òkè tó jẹ́ òkúta lásán, téèyàn gbọ́dọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó wúwo. Ṣùgbọ́n mo gbé e.

Sípáná ní, "Ó dá ọ lójú?"

"Rárá."

"Ó dáa. Bá mi mú bóòtù wá ká de kẹ́ríà."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo to yìnyín sórí tábìlì ilé ìwòsàn. Mo mú ọ̀kan, mo mì í. N kò gbọ́ nǹkan. Mo tún mì í. Àyà mi tó ń lù ni mò ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé ó ti tó?" Mo ní mi ò mọ̀. Mo dúró. Mo tún mì í, omi ṣe pọ́ọ́pọ́ọ́.

Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òkè, mo yí jíà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kẹ̀kẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ kan kọjá mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá ń sunkún, n kò sọ̀kalẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ àti àpótí kọjá òkúta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí lókè, yìnyín ṣì wà.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ wò mí. "Ìyá Yìnyín ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n wà nílé."

"Bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́."

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Mo dé ilé. Mo ti ṣí ẹnu láti jíṣẹ́ obìnrin náà kí n tó rántí. Mo wo àpótí. Bóyá Àǹtí ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò ní wọ kẹ̀kẹ́ pupa. Bóyá wọ́n kàn fẹ́ kí ó kúrò lójú ọ̀nà. N kò mọ̀.

Mo bu omi. Mo fi ọṣẹ fọ inú àpótí, mo fi aṣọ yí ìka, mo nu igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n ní igi kan tí wọ́n fi ń há ìdérí rẹ̀ kó má bàa pa dé kí inú rẹ̀ tó gbẹ. Mo wá igi náà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò rí i. Mo bọ́ bàtà mi ẹsẹ̀ kan, mo fi há a.