Ẹja Tí Mubashir Kò Kọ Sílẹ̀

Ní àdúgbò wọn ní Ẹ̀pẹ́, Kápútéènì ni wọ́n ń pe Mubashir Làtífù, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dá wa ọkọ̀ òfuurufú rí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfuurufú ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́yìn Agbowa. Aṣọ funfun tó ní ilà wúrà léjìká kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀; òun ló ń wọ̀ lọ gẹ irun. Ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun yẹn ló ti máa ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá jókòó pé afẹ́fẹ́ tó ń gba ara apá ọkọ̀ kọjá ló ń gbé e sókè, pé bí imú ọkọ̀ bá ga jù, afẹ́fẹ́ yóò bọ́ lára apá, ọkọ̀ yóò sì já wálẹ̀ bí àgbọn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìṣirò nìkan ni kì í fẹ́ ṣe.

Ìṣirò náà kò sì le. Kí ọkọ̀ tó gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwọ̀n ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, èèyàn, epo àti ẹrù, pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà, kí ìdí ọkọ̀ má baà wúwo jù. Mubashir ti kùnà ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, epo ni ó gbàgbé. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ.

Ní àárọ̀ ìdánwò kẹta, ìyá rẹ̀, Alhaja Muslimah, tó ń ta ẹja ní Ọjà Olúwo, di apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan kan fún un pé kó fún ọ̀gá tó fẹ́ dán an wò. Mubashir gbé e sẹ́yìn ìjókòó nínú ọkọ̀, ó da aṣọ bò ó. Kò kọ ọ́ sínú ìwé.

Màdáámù Agnes, ọ̀gá náà, ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

"Kápútéènì, ta ló jókòó sẹ́yìn?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

"Ẹni náà ń rùn bí ẹja."

"Ẹ̀bùn yín ni, mà. Ìyá mi ní kí n kí yín."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tí kò sí nínú ìwé?"

"Mà, a kì í gbé ẹ̀bùn àgbà sórí òṣùwọ̀n."

"Ọkọ̀ yìí kò mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Lọ wọ̀n ọ́n, kí o tún ìṣirò rẹ ṣe."

Kílò mẹ́rìndínlógún ni ẹja náà, ìwọ̀n tí ọkọ̀ lè gbé sì ti pé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò gbé ẹja sílẹ̀, yóò sì lọ fò. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń wò, Kápútéènì tó ti ru ẹja lọ sórí òṣùwọ̀n kò sì lè tún máa rù ú kiri lójú wọn. Ó mú bírò, ó kọ ẹja sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì bu kílò mẹ́rìndínlógún kúrò nínú ìwọ̀n ara rẹ̀ kí àpapọ̀ má baà yí padà. Ó kọ méjìléláàádọ́rin.

Màdáámù wo ìwé, ó wo ikùn rẹ̀.

"Láti àárọ̀ yìí lo ti rù tó báyìí?"

"Ààwẹ̀ ni mo gbà, mà."

"Gun òṣùwọ̀n."

Méjìdínláàádọ́rùn-ún.

"Irọ́ tí o pa gan-an, o ò mọ̀ ọ́n pa. Iwájú ni ìwọ máa jókòó, ẹ̀yìn ni ẹja wà. O bu iwájú kù, o fi kún ẹ̀yìn. Nínú ìwé tí o kọ yìí, imú ọkọ̀ á ga, afẹ́fẹ́ á bọ́ lápá, èmi pẹ̀lú rẹ á sì já sínú ọ̀sà. Máa lọ sílé."

Nígbà tí ó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Màámi, ẹja yẹn ló kó bá mi."

Alhaja Muslimah wò ó látorí dé ẹsẹ̀, tòun taṣọ funfun.

"Ṣé ẹja ló kọ méjìléláàádọ́rin?"