Ère tí bàbá mi rí nínú gíláàsì

Mùsíọ́mù ni mo ti ń bọ̀ o, àmọ́ ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ti kóòtù dé.

Bàbá mi wá kí mi nílé mi ní Ìbà láti Èkìtì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí nǹkan àtijọ́ tó wà l'Ékòó, mo bá mú wọn lọ sí Áílàndì.

Wọ́n dé iwájú ère obìnrin kan nínú gíláàsì, wọn ò kúrò mọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo kà á fún wọn: "A kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n kẹ̀? Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ! Wo ilà mẹ́ta lábẹ́ etí yẹn. Kò sí ère tí wọ́n gbẹ́ tí kò ní in."

Mo pe ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ tán, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ní ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀?"

Ìwé kẹ̀! Bàbá àgbà tí ò mọ̀wé rárá!

A wọ ọkọ̀ padà sí Ìyànà Ìbà. Mo ń ṣílẹ̀kùn ilé lọ́wọ́ ni wọ́n wò mí lójú:

"Ìwọ náà, ṣé o ní ìwé tó fi hàn pé èmi ni mo bí ẹ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn lóhùn. Wọ́n ṣì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń retí mi.