Orí Tí Wọ́n Wẹ̀ ní Mùṣin

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ óò fi etí kan gbọ́. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí ohun tó dé bá Yẹ̀kínnì bíríkìlà tó kí èèyàn fi ọwọ́ méjèèjì di orí ara rẹ̀ mú.

Lọ́dún 1956 ni, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè bí ẹni ń kọ ebè. Yẹ̀kínnì wà lára àwọn tó ń to búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Kò kàwé dé ibì kan, àmọ́ bébà kì í bọ́ sí i lọ́wọ́ kó má kà á. Bébà tí wọ́n fi wé ẹ̀pà fún un ní Ọ̀yìngbò ló kó bá a. Àwòrán agbárí kan wà níbẹ̀, ti ẹ̀dá àtijọ́ kan tó jọ ènìyàn tó sì jọ ọ̀bọ. Wọ́n ní nígbà tó kú tí ọpọlọ rẹ̀ jẹrà, iyanrìn àti ẹrẹ̀ rọ́ wọ inú eegun orí náà, wọ́n sì di òkúta. Òkúta yẹn wá gba àwòrán ọpọlọ náà, tòun ti gbogbo ìkákò rẹ̀! Irú òkúta bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀mọ̀wé ń fi wéra, tí wọ́n fi ń mọ bí ọpọlọ ṣe ń tóbi sí i láti ìran dé ìran.

Ha! Yẹ̀kínnì ò lè jókòó mọ́. Ohun tí ẹrẹ̀ ṣe nínú orí yẹn, ṣebí iṣẹ́ tirẹ̀ náà ni? Ó ra orí ewúrẹ́, ó ra orí ọ̀bọ gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbòogi, ó da sìmẹ́ńtì sí wọn nínú. Nígbà tó gan, ó fi òòlù fọ́ eegun kúrò. Ti ewúrẹ́ rí pẹlẹbẹ, ti ọ̀bọ ṣe roboto. Ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ̀ ní Mùṣin. Àwọn ará ilé ń gbọ́ ìró òòlù àti ẹ̀rín, wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Ó wá ní òun ó mọ orí ẹ̀dá àtijọ́ náà gan-an. Ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọpọlọ, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ fa ìkákò sí i lára, ó wá fi amọ̀ pupa mọ agbárí bò ó: eyín, ihò ojú, gbogbo ẹ̀. Ó gbé e sẹ́yìn ilé ìdáná kó gbẹ, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, tó ń la pákó ní Màkókò, ti jáde nílé láti ọjọ́ Ajé, kò padà. Àárọ̀ Jímọ̀ ni Fàósátù, ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, lọ dáná. Igbe tó ké nígbà tó rí orí náà, wọ́n gbọ́ ọ dé mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Yẹ̀kínnì wálé láti múra ìrun, agboolé ti kún. Kò sẹ́ni tó kí i.

“Ọkọ mi dà?” Fàósátù bi í.

“Amọ̀ ni! Ẹ wò ó o, ṣé orí Ọ̀ṣẹ́nì ló kéré báyìí?”

“Oògùn ló sún un kì,” ẹnì kan fèsì láti ẹ̀yìn. “Ṣé ẹran kì í sún kì lórí iná ni?”

Àwọn àbúrò Ọ̀ṣẹ́nì ti mú kóńdó dání. Yẹ̀kínnì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì bọ́ lẹ́nu òun, òkú òun ni wọn ó gbé kúrò níbẹ̀.

Ààfáà Tìrìmísíyù, tó jẹ́ àgbà ilé, ló fọwọ́ dá wọn dúró. Ó ní orí Mùsùlùmí kì í gbẹ sóòrùn bí ẹja. “Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́, ká kírun sí i lára, ká sin ín. Lẹ́yìn náà la ó bi ẹlẹ́ṣẹ̀.”

Ọkàn Yẹ̀kínnì balẹ̀ wọ̀ọ̀. Omi! Omi ló máa gbà á! “Ẹ wẹ̀ ẹ́, Ààfáà! Ẹ bu omi sí i dáadáa, ẹ ó rí òótọ́ mi!”

Wọ́n ta aṣọ yí ibẹ̀ ká. Ààfáà bu omi. Eyín ló kọ́kọ́ yọ́, imú tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lóde rí omi pupa tó ń gba abẹ́ aṣọ jáde, àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Ààfáà ń fi ọwọ́ wẹ̀ ẹ́ lọ, títí agbárí fi tán pátápátá. Ohun tó kù ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni ọpọlọ, líle, tútù, tòun ti ìkákò rẹ̀. Aṣọ já bọ́. Gbogbo agboolé rí i.

“Sìmẹ́ńtì ni,” Yẹ̀kínnì ní.

“Ta ló ń fi sìmẹ́ńtì ṣe ọpọlọ?” Ààfáà bi í jẹ́jẹ́. “Ta lo ṣe é fún?”

Wọ́n ti já ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ọpọlọ ewúrẹ́ àti ti ọ̀bọ ń bẹ lórí fèrèsé, wọ́n tò tẹ̀léra.

“Kí n tó sálámà parí ìrun,” ni Ààfáà wí, “má sí ní Mùṣin mọ́.” Ó kọjú sí kíbúlà, àwọn ọkùnrin tò sẹ́yìn rẹ̀, oníkóńdó pàápàá. Ìrun òkú ò sì gùn: kò ní rúkúù, kò ní ìforíkanlẹ̀. Yẹ̀kínnì ò mú bàtà. Ó sá.

Ọ̀ṣẹ́nì padà lọ́jọ́ Àìkú, ara rẹ̀ le koko. Gẹdú ló tẹ̀ lé lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó kan ilẹ̀kùn títí.

“Fàósátù, èmi ni!”

“Orí ta lo gbé kọ́rùn?”

Kò sẹ́ni tó wá Yẹ̀kínnì lọ. Ta ló fẹ́ jẹ́wọ́ pé sìmẹ́ńtì lòun kírun sí lára? Ẹ má gba tẹnu mi gbọ́ o. Ẹ wọkọ̀ dé Mùṣin, ẹ béèrè agboolé Ààfáà Tìrìmísíyù. Ibojì kékeré kan wà lẹ́bàá kànga. Ẹ dúró títí Ọ̀ṣẹ́nì á fi jáde wá pọnmi àlùwàlá, kí ẹ fojú ara yín wo bó ṣe ń yà fún ibojì náà.