Ọtí Ọkà Bàbà Tí Ìyá Mi Pọn fún Káfíńtà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé orí àpótí ni mo ti ń yọjú wo ìkòkò ìyá mi, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Half Die ni a ń gbé ní ìlú Banjul, olú-ìlú Gambia, lẹ́bàá odò. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn òbí mi ti wá. Bí òjò bá pọ̀, omi a wọ yàrá bá wa, a ó sì kó bàtà sórí tábìlì.

Káfíńtà kan wà ní àgbàlá wa, ọmọ ìlú wa lọ́hùn-ún, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní ó sígbọnlẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti gbẹ bí igi. Inú kì í yé run ún. Àwọn ará àgbàlá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ń fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tó yá, òun náà gbà á gbọ́. Kò jẹ oúnjẹ obìnrin náà mọ́, ó tilẹ̀ ti sọ fún un pé kó di ẹrù rẹ̀.

Ìyá mi kò gbà. Ó ti kíyè sí i pé nígbà kan tí ìyẹ̀fun wọ́n, tí àwọn oníbúrẹ́dì kò dáná, tí bíà kò sì sí lọ́jà, ara ọkùnrin náà yá. Bí búrẹ́dì ṣe padà dé, tó tún ń mu bíà inú ìgò, àìsàn dé.

Ó lọ bá a. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi búrẹ́dì àti bíà sílẹ̀ fún oṣù kan. Oúnjẹ ìyàwó yín ni kí ẹ máa jẹ. Bí ara yín kò bá yá, ẹ wá bá mi jà.”

Káfíńtà bi í pé, “Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, kí ni kí n máa mu?”

“Màá pọn ti ọkà bàbà fún yín.”

Ìyá mi rẹ ọkà bàbà sómi, ó tẹ́ ẹ sórí àpò tútù kó lè hù. Òjò gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó hù, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó wá fi í sílẹ̀ kó kan. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá, ó dà bí ògì tí wọ́n da oyin sí.

Kí oṣù náà tó pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ káfíńtà ti ń kún. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, bí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa.

“Mo gbọ́ tẹnu wọn,” ó ní, “mi ò gbọ́ tìrẹ.”

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, “Ẹ dìde. Ẹrẹ̀ ń ba aṣọ yín jẹ́.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, lónìí, dókítà a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a sì dárúkọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ta ọtí ọkà bàbà nínú agolo fún àwọn tí ara wọn kọ àlìkámà inú búrẹ́dì àti báálì inú bíà, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára gbangba. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí ará ilé kejì mi jẹ láàárọ̀ yìí, òun náà kò sì mọ tèmi. Ìyá mi ì bá ti mọ̀.