Mo Tú Ààlè Ìyá Àgbà

Ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin, bi mí níjọ́ kan pé ibo ni géètì igbó wà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Ajégúnlẹ̀ ni mo bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí, gbogbo ibi tí ènìyàn ń wọ̀ ló sì ní géètì lójú rẹ̀. Èmi ti wọ igbó tí kò ní géètì rí. Mo sì ti ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Mi ò tíì sọ ìyẹn fún un. Ẹ jẹ́ kó ṣì gbà pé ìyá òun kì í ṣàṣìṣe.

Bàbá mi ń wa tírélà ní wáàfù Àpápá. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé, kọ̀ǹtẹ́nà ló ń gbé kiri, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan làwa ọmọ sì ń rí, torí kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ tò sórí ìlà ní Wharf Road. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù kan sí méjì, ọjọ́ Àìkú kan á wà tí kò sí ẹrù. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ á ní kó máa gbé orí ọkọ̀ lọ, bó bá ti lè wá dísẹ̀lì sí i fúnra rẹ̀. Orí ọkọ̀ làwọn awakọ̀ ń pe iwájú tírélà nígbà tí wọ́n bá yọ ẹ̀yìn kúrò lára rẹ̀. Orí ọkọ̀ yẹn ló máa ń gbé wa lọ sí abúlé bàbá mi, níwájú Pápáláǹtò, tí a ó sì padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ìyá mi á jókòó síwájú pẹ̀lú kúlà oúnjẹ láàárín ẹsẹ̀. Èmi àti àbúrò mi á wà lórí ibùsùn tóóró tó wà lẹ́yìn síìtì, níbi tí bàbá mi máa ń sùn bí ìlà wáàfù kò bá lọ. Òórùn dísẹ̀lì ló wà lára ibùsùn náà, àti ti àdí àgbọn tí bàbá mi fi ń para. Ọkọ̀ tí kò ru nǹkan kan máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ẹṣin. Oorun á ti gbé mi ní ibùdókọ̀ Boundary, tí ohùn àwọn tó ń polówó búrẹ́dì á sì bá mi wọ inú oorun. Bí mo bá fi máa lajú, gbogbo rẹ̀ á ti di ewé.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ọ̀nà abúlé náà pupa. Àwọn igi fi orí kan ara wọn lókè, oòrùn ń gba àárín wọn bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń fi ajọ̀ jọ̀ ọ́. Bí a bá ti wọ abẹ́ wọn, bàbá mi á dákẹ́. Ọkùnrin tó ń fi pijin bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Warehouse Road dé ẹnu wáàfù, á wá máa yí ọwọ́ ọkọ̀ jẹ́jẹ́, bíi pé ọmọdé kan sùn sójú ọ̀nà. Ìgbà míì, mi ò mọ̀ bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn. Ẹyẹ kan á ké, àbúrò mi á ní fóònù ta ló ń dún. GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn, kò sì tíì dé abúlé wa rárá.

Ìyá méjì ló tọ́ bàbá mi dàgbà ní abúlé náà lẹ́yìn tí ìyá tó bí i kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni èkíní, òun là ń pè ní Ìyá Àgbà. Èkejì kì í ṣe ẹbí, aládùúgbò ni. Ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀, lọ́nà odò, la fi ń pè é ní Ìyá Ìsàlẹ̀. Ìyá Àgbà ló bọ́ bàbá mi, Ìyá Ìsàlẹ̀ ló pọ̀n ọ́n. Bí a bá dé, àwọn méjèèjì kì í dáná lọ́tọ̀. Ẹ̀bá ààrò kan ṣoṣo ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n á máa fi ara wọn ṣẹ̀sín. Ìyá Ìsàlẹ̀ á ní omi inú ọbẹ̀ Ìyá Àgbà pọ̀ débi pé ẹja lè jí kó máa lúwẹ̀ẹ́. Ìyá Àgbà á bi í pé eyín mélòó ló kù lẹ́nu ẹni tó ń dárúkọ ẹja. Bàbá mi á jókòó láàárín wọn, á na ẹsẹ̀, á di ọmọ.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo igbó funfun bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i. Mo rìn lọ sẹ́yìn ilé Ìyá Àgbà, níbi tí igi àgbálùmọ̀ kan wà létí igbó gan-an. Èso rẹ̀ kò tíì pọ́n. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé wọ́n fi okùn so nǹkan mọ́ ara rẹ̀: àkísà pupa kan, ṣùkù àgbàdo kan, àti bàtà àtijọ́ kan tó ti gbó.

Ẹ má rín mi o. Ní àdúgbò wa, gbogbo Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni olúkúlùkù ń jáde gbálẹ̀, tí à ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà, tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn. Èmi sì ni olórí ìmọ́tótó ní kíláàsì wa. Àánú igi náà ṣe mí. Mo rò pé àwọn aláìmọ́tótó kan ló kọ́ ìdọ̀tí sí i lọ́rùn. Mo tú okùn náà pẹ̀lú eyín nígbà tí ọwọ́ mi kò ká a, mo kó gbogbo rẹ̀, mo lọ dà á sí ààtàn, mo wá lọ fọ ọwọ́ mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló ń ròyìn pé òun da ìdọ̀tí nù?

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó tún lọ. Ìyá Àgbà nìkan la bá nídìí ààrò. Bàbá mi béèrè Ìyá Ìsàlẹ̀, ó dáhùn láìgbójú sókè pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá ló tó sọ ọ́. Ó ní òun so ààlè mọ́ igi àgbálùmọ̀ òun, kí òun lè rí nǹkan kó fún àwa ọmọ Èkó. Láìsí ààlè, èso tó bá já bọ́ létí igbó, ti ẹni tó ń kọjá ni. Ṣùgbọ́n bí ààlè bá ti wà níbẹ̀, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé nǹkan yìí ní ẹni tó ni ín, ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló jáde, tó bá Ìyá Ìsàlẹ̀ lábẹ́ igi náà, tó ń ṣa àgbálùmọ̀ sínú abọ́ lójú gbangba. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní òun kò rí ààlè kankan. Ìyá Àgbà ní kò lè rí i, nígbà tó jẹ́ pé Ìyá Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú u.

Ó ní, "Olè ṣì sàn. Ẹni tó tú ààlè mi, ẹnu mi ló dì. Ààlè náà á sì fọhùn."

Kò sí ẹni tí wọ́n pè ní ẹni tó tú ààlè rí ní abúlé náà tó tún bá ẹni tó pè é jẹun. Ìyá Ìsàlẹ̀ gbé odindi abọ́ àgbálùmọ̀ náà wá, ó dà á síwájú ilé Ìyá Àgbà, ó lọ. Èso náà rà síbẹ̀. Mo rí èèpo rẹ̀ àti àwọn eèrà.

Mo ti mọ ohun tí mo ṣe kí Ìyá Àgbà tó sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, pé ààlè á fọhùn, òun ló pa mí lẹ́nu mọ́. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ Ìyá Ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé. Ó ní Ìyá Ìsàlẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á kó lọ bá ọmọ òun ní Abẹ́òkúta, òun kò ní kú sí ibi tí wọ́n ti pe òun lólè. Bàbá mi kò jẹun. Bí a ṣe ń padà, mo rí ojú rẹ̀ nínú díńgí ọkọ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ní Ajégúnlẹ̀, mo ń retí kí ààlè fọhùn. Bí inú bá run mí, mo á ní òun ló dé. Bí iná bá lọ, mo á ní òun ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni iná ń lọ. Lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń din àkàrà, mo bi í bóyá ààlè lè wọ ọkọ̀ wá sí Èkó. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wò mí títí. Mo bú sẹ́kún, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi dé, tí ìyá mi sọ fún un, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún wọn. Ó mi orí.

"Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fi ọmọ parọ́ kí ìjà lè parí. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Kò sí ọjọ́ Àìkú kankan tó ṣófo lóṣù yẹn. Wáàfù kún. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ sórí páànù wa, mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo ń ka ẹrù Ìyá Ìsàlẹ̀ lọ́kàn: ẹní, ìkòkò, àpótí. Nígbà tí a rí àyè lọ, igbó náà ń yọ ooru, gbogbo ewé ń kán omi, ilẹ̀ pupa náà sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo ń gbàdúrà kí ọkọ̀ yára, mo tún ń gbàdúrà kí a má débẹ̀ láé.

Ìyá Àgbà ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo tú ààlè. Ó wo bàbá mi bí ẹni tó fẹ́ sọ pé, o ti dé pẹ̀lú ọgbọ́n rẹ. Ó kọjú sí mi.

"Kí ló wà lára rẹ̀?"

Mo ní àkísà pupa ni, mà, àti ṣùkù àgbàdo, àti bàtà.

"Bàtà ẹsẹ̀ wo?"

"Ẹsẹ̀ òsì, mà. Ihò wà níbi àtàǹpàkò."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ẹ̀gúsí. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni. Nígbà yẹn, ohun tí mo rí kò ju pé ó dìde, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ mi. Bàbá mi fẹ́ tẹ̀ lé wa. Ìyá Àgbà ní kó jókòó.

Àwa méjèèjì la sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìkùukùu bo odò nísàlẹ̀, ilé Ìyá Ìsàlẹ̀ dà bí ilé tí ènìyàn ń rí lójú oorun, tó ń sún mọ́ni, tó tún ń jìnnà. Ẹni tó ni ín wà nínú yàrá, ó ń di ẹrù. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo tún kúnlẹ̀, mo tún sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti olórí ìmọ́tótó.

Ìyá Ìsàlẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin ará Èkó," ó ní. "Ẹ gbálẹ̀ gbálẹ̀, ẹ gbá a dé inú igbó."

Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú sí Ìyá Àgbà.

"Ọmọdé ṣèèṣì, kò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ mọ̀ mí."

Ìyá Àgbà, tó fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, di òpó ilẹ̀kùn mú, ó sì rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí àgbà kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ìyá Ìsàlẹ̀ náà kò retí rẹ̀. Ó sáré dé, ó gbá a mú lábẹ́ apá.

"Ẹ dìde. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n fi mí sáàárín. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ìsàlẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun kò ní lọ sí Abẹ́òkúta mọ́ o, ọmọ òun ti ránṣẹ́. Ìyá Àgbà ní òkè pọ̀ ní Abẹ́òkúta, orúnkún ta ló fẹ́ fi gùn ún? Ìyá Ìsàlẹ̀ ní òun á ṣì dúró jẹ àgbàdo ọdún yìí ná. Ìyá Àgbà ní àgbàdo ọdún yìí kò ní dára. Ìyá Ìsàlẹ̀ ní ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Wọ́n wá ń jiyàn lórí àgbàdo ọdún kan tí wọn kò tíì bí mi, lórí ẹni tó gbìn ín àti ẹni tí ẹyẹ jẹ tiẹ̀, ohùn wọn ń kọjá lórí mi síwá sẹ́yìn. Orí mi ti wà lórí itan ẹnì kan nínú wọn, mi ò mọ ti ẹni tó jẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé, kò sì pè wá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn.