Omi Ẹ̀yìnkùlé Alágbàfọ̀

Àwọn oníbàárà ló sọ alágbàfọ̀ náà ní Aláàánú. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé òun fúnra rẹ̀ ń fi í pe ara rẹ̀ lórí fóònù. Bí ẹnìkan bá wá gba aṣọ tí kò tíì gbẹ, kì í bẹ̀ ẹ́. Á mú un gba yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ kọjá, á rọra ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á fi ìka lé ètè pé kó má sọ̀rọ̀, á sì fi ẹ̀yìnkùlé hàn án.

Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sínú igbó. Níbi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀ ni ó to àwọn ọpọ́n ìfọṣọ àtijọ́ sí, àwọn tó ti sán létí. Ó kó òkúta sínú wọn kí ẹyẹ lè rí ibi dúró sí, kí ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá já sómi sì lè rí nǹkan gùn jáde. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí odò inú igbó bá ti di ẹrẹ̀, àdàbà á wá, àparò á kó ọmọ wá, ọ̀yà á yọ imú láàárín koríko. Oníbàárà á wò títí, inú rẹ̀ á rọ̀, á gbàgbé pé aṣọ lòún wá gbà. Wọ́n a máa sọ fún ara wọn lójú ọ̀nà pé irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Kò sí èyí nínú wọn tó bèèrè ẹni tó ń pọn omi náà.

Ìyàwó rẹ̀ ni. Táǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ omi ló ń ta omi inú rẹ̀ fún wọn, aṣọ nìkan ni omi náà sì wà fún. Omi ẹranko gbọ́dọ̀ wá láti ìdí ẹ̀rọ omi ìjọba nísàlẹ̀ òpópónà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń lẹ táyà. Obìnrin náà á lọ ní ìdájí kí èrò tó pọ̀, á gbé garawa lérí, á gun òkè bọ̀, á tún padà lọ. Alágbàfọ̀ a máa ní bí òun bá lọ, ta ni yóò dá oníbàárà lóhùn? Àwáwí náà dára. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé oníbàárà kì í wá ní ìdájí.

Nígbà tó yá, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dun obìnrin náà. Apá rẹ̀ ọ̀tún a máa kú lójú oorun, ife a sì máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ ọrùn náà wò, ó sì là á yé e níṣojú ọkọ rẹ̀ pé eegun ti ń tẹ iṣan ibẹ̀, pé bó bá tún ń ru ẹrù, apá náà lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Alágbàfọ̀ kẹ́dùn. Ó ra òróró ìpara, òun fúnra rẹ̀ ló fi pa á lọ́rùn lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kó kúkú máa lo garawa kékeré, kó wá sọ ìrìn náà di púpọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ìdí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ tó ti pẹ́ sí ló ti wá ọ̀nà àbáyọ. Omi tí wọ́n bá fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn, omi mímọ́ ni wọ́n ń pè é nínú ilé yẹn. Kì í hó, kò dọ̀tí, èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ ọpọ́n nínú rẹ̀ kedere. Ó dá a lójú pé omi tó mọ́ tó fún aṣọ funfun mọ́ tó fún ẹyẹ. Ó ń bù ú sínú àwọn ọpọ́n ẹ̀yìnkùlé, kò sì dé ìdí ẹ̀rọ mọ́. Ohun tí kò rántí ni òróró olóòórùn dídùn tí wọ́n ń kán sínú omi náà kí aṣọ lè máa ta sánsán. Ó ti pẹ́ tí imú òun àti ọkọ rẹ̀ kò ti gbọ́ òórùn yẹn mọ́.

Àwọn ẹranko gbọ́ ọ. Àdàbà á bà sí etí ọpọ́n, á tẹ orí, á fò lọ. Ọ̀yà kò tilẹ̀ jáde nínú koríko. Alágbàfọ̀ ń yọjú lójú fèrèsé lójoojúmọ́, ó ń rí i pé ọpọ́n kún, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ń fọ́nnu fún oníbàárà pé omi kì í gbẹ lọ́dọ̀ òun. Ó ń fi ẹ̀yìnkùlé tó ṣófo hàn wọ́n, ó ní àwọn ẹranko ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ní òun fẹ́ràn ẹranko kò mọ̀ pé wọn kò wá mọ́.

Tíṣà kan tó máa ń gbé kóòtù wá fọ̀ ló mọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ọpọ́n, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì padà wá bá àwọn tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù.

“Aláàánú,” ó ní, “ṣé àdàbà yín ń wá ọkọ ni, tí ẹ fi ń fún un ní omi olóòórùn dídùn?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ìyàwó rẹ̀ láti ìdí àáyọ́ọ̀nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lójú gbogbo èèyàn bóyá ó fẹ́ pa àwọn ẹranko òun ni, àbí orúkọ òun ló fẹ́ bà jẹ́, àbí ọ̀lẹ ló kàn ń ṣe é.

Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ dání kó tó dá a lóhùn.

“Dádì, ojú yín kọ́ ni nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀? Mi ò gbé garawa lérí mọ́. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹyẹ, ẹ lọ pọn omi fún un. Ọ̀nà ẹ̀rọ ò ṣòro mọ̀, ẹ ò kàn tíì débẹ̀ rí ni.”

“Ojú oníbàárà lo ti ń bá mi sọ irú ẹ̀?”

“Ojú wọn náà lẹ ti bi mí.”

Tíṣà ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó gba kóòtù rẹ̀ ní tútù, ó sì lọ.

Aláàánú kò lè jẹ́ kí ọpọ́n gbẹ lẹ́yìn èyí; gbogbo àdúgbò ló ń wò ó. Ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò ru omi. Ó ti kẹ̀kẹ́ báró tó fi ń kó aṣọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì jáde, ó kó garawa sínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti tọrọ báró yẹn rí, ṣùgbọ́n ọkọ ní omi á jẹ́ kó dípẹtà. Kí oṣù tó parí, àwọn oníbàárà ti ń sọ ọ́ pé pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó tún ń fúnra rẹ̀ pọn omi ẹranko.

Àwọn ẹranko padà. Ife kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́, ṣùgbọ́n ìka méjì tó ti kú lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò, wọn kò sì ní padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé àga sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ó sì jókòó. Kò jókòó síbẹ̀ rí, nítorí ní àsìkò tí ẹranko ń mu omi, ojú ọ̀nà ẹ̀rọ ló máa ń wà. Àdàbà kan bà sórí òkúta, ó ti ẹnu bọ omi díẹ̀, ó gbé orí sókè, ó sì fò lọ.

Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

“Gbogbo ohun tí wọ́n ń mu náà nìyẹn?”

Alágbàfọ̀ ní kó rọra sọ̀rọ̀, pé àwọn ẹranko yòókù ń bọ̀.