Orúkọ Aṣọ Tí Màmá Mi Ń Pè Nínú Omi

Ojú mi yìí ni mo fi rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé omi kò lè ṣe nǹkan kan fún orí arúgbó, kò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń tọ́jú pisínì, adágún ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Lomé nígbà náà. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n omi tí mo bá tọ́jú, bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sí i, wàá rí ojú rẹ̀ láti òkè. Ọ̀gá wa tó jẹ́ Faransé kì í bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́ láàárọ̀ kí ó tó bọ̀ mí.

Màmá mi ta àǹkárá ní ọjà ńlá títí irun rẹ̀ fi funfun. Ní ìlú wa, aṣọ kì í wọ ọjà kó má gba orúkọ. Àwọn ìyá aláṣọ ló ń sọ wọ́n lórúkọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ bá sì dùn lẹ́nu ló ń tà. Màmá mi mọ gbogbo wọn lórí. Ọjọ́ tó ṣi aṣọ kan pè níwájú oníbàárà ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n rí i ní àdúgbò Adewui tó ń wá ilé wa, bẹ́ẹ̀ Hanoukopé là ń gbé.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń kó àwọn ìyá àgbà wá ṣe eré ìdárayá nínú pisínì kí àwọn àlejò tó jí. Òun ló ní kí n mú màmá mi wá. Ó là á yé mi pé omi kì í wo ìgbàgbé sàn. Ó ní omi á gbé ara tí orúnkún kò lè gbé mọ́, ẹsẹ̀ á rìn, ẹ̀jẹ̀ á máa lọ sí ọpọlọ dáadáa, èyí tó ṣẹ́ kù lórí á sì lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rìn, kí wọ́n máa sọ nǹkan tí wọ́n mọ̀ lórí.

Màmá mi yan orúkọ aṣọ. Á so gèlè rẹ̀ le kí omi má kàn án lórí, á di irin ẹ̀gbẹ́ pisínì mú, á gbé ẹsẹ̀: "Ọkọ Mi Ra Mọ́tò." Á tún gbé èkejì: "Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ." Bó bá dé iwájú ìyá ẹ̀yà Mínà kan tí wọ́n jọ tajà rí, á wò ó lójú kòrókòró, á ní, "Orogún Mi Kò Sùn."

Ìyá yẹn á dá a lóhùn pé, "Èyí tí o tà fún mi lówó gọbọi, tó ṣá nígbà tí mo kọ́kọ́ fọ̀ ọ́?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa gbọ̀n.

Bó bá jáde, èmi ni mo ń na táwẹ̀lì sí i. "Baba mi, o ṣeun." Baba mi ló ń pè mí láti kékeré; ó ní ojú baba òun ni mo gbé wáyé. Kò pẹ́ tó fi tún ń dá wálé láti ibùdókọ̀. Mo ní ojú mi ni mo fi rí i.

Ìyanṣẹ́lódì dé. Àwọn tó fẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ní kí gbogbo ìlú tìlẹ̀kùn, ìlú sì tì í: báńkì, ọjà, òtẹ́ẹ̀lì wa. Ọ̀gá wa padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fọ omi dákẹ́. Mo ń gba ẹ̀yìn wọlé, mo ń fi àwọ̀n kó ewé, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Lomé tó lè mú un mọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a ń dà sí i tán. Omi di àwọ̀ ewé, àkèré wọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí ìyá kankan má wọ̀ ọ́ mọ́. Láràárọ̀ ni màmá mi ń béèrè bóyá a ò ní lọ síbi omi ni. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́.

Ìbọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ìlú, àwọn èèyàn ru ẹrù, wọ́n ń lọ. Mo mú màmá mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Kútọnù. Kànga ni wọ́n ní níbẹ̀. Mo fa omi kún báàfù ńlá, mo gbé màmá mi jókòó sórí àpótí, mo ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ omi.

"Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀. Ọkọ Mi Ra..."

Mo dúró dè é. Ó wo omi, ó wò mí. Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ po omi.

"Mìsé, aṣọ yín dà? Ẹ kó o wá kí n bá yín fọ̀ ọ́, oòrùn ṣì wà."

Mìsé ni wọ́n ń pe ọkùnrin tí èèyàn kò mọ̀ rí ní Lomé. Àbúrò rẹ̀ kọjú sí ògiri. Èmi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo fún un. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sá a sórí okùn, ó sì rọra tẹ́ kọ́là rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí omijé mi ní Kútọnù.

Ìgbà tí a padà sí Lomé, mo ka ohun tó lọ. Pisínì kan, wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ. Ìsọ̀ aṣọ màmá mi, ọ̀kan. Ìyá mẹ́fà ló ń wọ omi, mẹ́ta ni mo rí. Orúkọ aṣọ tó lé ní ogójì lẹ́nu màmá mi, kò ku ẹyọ kan. Orúkọ tó fi ń pè mí, Baba mi, ọ̀kan.